Níbo Ni Ọkọ̀ Dókítà Ń Lọ?

Kí èèyàn tó ra ọkọ̀, táyà ni àwọn kan kọ́kọ́ máa ń wò. Àwọn mìíràn á máa fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kò ṣe èyíkéyìí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sídìí sítíárìn, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí iná inú ọkọ̀ lè tàn, ó sì tẹjú mọ́ mítà. Ó kà á. Ó fi etí aṣọ nu eruku ojú gíláàsì, ó tún un kà.

"Màmá," ó ní, "ṣé ọkọ̀ yìí ti dé Jerúsálẹ́mù rí?"

Màmá Ọládòṣù dúró lẹ́nu gáréèjì nínú búbá funfun, ó ká apá lé àyà. Opó ni. Èṣí ni ọkọ rẹ̀, Dókítà Adégbénga Ọládòṣù, kú, ọkọ̀ náà sì jókòó sínú ọgbà ilé wọn ní GRA Sáríà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

"Jerúsálẹ́mù báwo?"

"Mítà yìí ti lé ní ogún ọ̀kẹ́ kìlómítà. Ẹni tó bá rin ìrìn yẹn ti yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mà."

"Ọkọ mi kò yí ayé kankan po. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Wusasa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, yunifásítì lọ́jọ́ iṣẹ́, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Gbogbo ibi tó ń gbé e lọ nìyẹn."

"Ṣọ́ọ̀ṣì yín mà jìnnà o."

Ta ni Abọ́sẹ̀dé tó ń sọ̀rọ̀ báyìí sí ìyàwó Dókítà? Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ará Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Sáríà, tó gbọ́ Hausa bí ẹni ń mumi. Ìwé mẹ́fà ló kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìyókù, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì ló ti kọ́ ọ. Ọkọ̀ wíwà, ẹsẹ̀ dírẹ́bà ilé búrẹ́dì kan ní Gyellesu ló ń wò, nígbà tí òun jókòó ti búrẹ́dì lẹ́yìn. Ọjọ́ tí dírẹ́bà náà kò wá, Abọ́sẹ̀dé ti gbé ọkọ̀ jáde kí ọ̀gá tó rí ẹni rán níṣẹ́. Bó ṣe di dírẹ́bà nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ọlọ́pàá tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà ló máa ń tọrọ gáfárà kí wọ́n tó túká.

Ṣùgbọ́n ilé búrẹ́dì náà ti kógbá sílé. Owó tí wọ́n fún un pé ó ṣeun, pẹ̀lú àjọ tó ti ń dá láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì ní ewú, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ tirẹ̀, kó máa gbé àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn dókítà lọ sí Kàdúná àti Àbújá, àwọn tó ti sú kí wọ́n máa dì wọ́n sínú ọkọ̀ bí àgbò ọdún iléyá. Ọkọ̀ kékeré ti pọ̀ jù ní Sáríà, gbogbo wọn ló ń lé èrò kan náà kiri. Ọkọ̀ Jámánì ńlá báyìí, tó ní ìjókòó aláwọ àti éèsì tó ń tutù dé eegun, kò sí ẹni tó ń fi irú rẹ̀ kó èrò. Bó bá dára, Abọ́sẹ̀dé ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ìdí sítíárìn ẹlòmíràn ni yóò padà sí títí ọjọ́ ogbó. Ìdí tí mítà náà fi ká a lára nìyẹn.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Awọ ìjókòó ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú níbi mẹ́ta, ó sì ń dán.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?"

"Ọ̀kan. Morọ́láolúwa. Àbújá ló ń gbé."

"Ta ló wá ń jókòó sẹ́yìn níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kò-sẹ́nì-kankan yìí sanra o. Wọ́n tún jẹ́ mẹ́ta."

Màmá Ọládòṣù sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ lo wá rà ni, àbí ìtàn ìdílé mi?"

"Bí méjèèjì bá jọ wà nínú rẹ̀, mo máa rà wọ́n pọ̀."

Ó kù díẹ̀ kí màmá rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Kò fẹ́ kí obìnrin yìí náà lọ. Gbogbo ẹni tó ti wá wo ọkọ̀ náà ló máa ń dé ibi mítà, tí wọ́n á wúkọ́, tí wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Kò sí èyí tó padà wá.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe ná?"

"Mo fẹ́ máa fi kó èrò, mà."

"Èrò wo?"

"Èrò tó ń sanwó."

"Kàbúkàbú." Màmá sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó fi ìka méjì gbé aáyán. "Ó tì o. Wọn kò ní fi ọkọ̀ Adégbénga Ọládòṣù ṣe kàbúkàbú nígbà tí mo ṣì wà láyé. Ilé míṣọ́n ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Wusasa. Kò sí èrò tó sanwó tó wọ ọkọ̀ yìí rí. Bí o bá fẹ́ ẹ, wàá búra fún mi níwájú pẹpẹ pé ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wàá máa gbé e lọ."

"Èmi kì í búra, mà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni mo máa ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà tiẹ̀ ṣeé rà, ká tó jà lórí ohun tí mo máa fi ṣe."

"O lè wò ó. Ìbúra yẹn ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ni Dókítà ń lọ ṣe ní yunifásítì nígbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì?"

"Ìwé ni wọ́n ń kọ. Ìwé ńlá lórí àìsàn màlúù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ jókòó sí yàrá ìkàwé."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i. Mo fẹ́ràn ìwé."

Màmá yíjú sí igi máńgòrò tó wà létí ògiri, ó wò ó bí ẹni pé igi náà ló bi í léèrè. "Ìwé kọ́ ni mo ń tà," ó ní, ó sì wọlé.

Abọ́sẹ̀dé dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun kan wà nínú ọkọ̀ yìí tí wọn kò fẹ́ kó mọ̀. Abọ́sẹ̀dé sì wà lára àwọn ènìyàn tí èyí máa ń gba oorun lójú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú Ernest wá. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ búrẹ́dì ṣe ni, ará Kafanchan, ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ nítorí pé ó máa ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú un lọ́la. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré ka ọpọlọ ọkọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fa Abọ́sẹ̀dé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ọ́ìlì mọ́. Ẹ́ńjìnnì kò jò. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ṣé bí ọkọ̀ bá dára, ẹ̀rù ló máa ń bà ọ́? O ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ wa pẹ́ jù."

"Gbọ́ mi ná. Ọkọ̀ tó bá ń rìn láàárín ìlú, á sún, á dúró, á sún, á dúró. Kẹ̀kẹ́ á gé e, ewúrẹ́ á gé e. Bó bá fi irú ìrìn yẹn rin ogún ọ̀kẹ́ kìlómítà, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ á ti di ẹ̀kọ. Èyí kò di ẹ̀kọ."

"Bóyá mítà ló ń parọ́."

"Àwọn tó ń yí mítà, wọ́n ń yí i wálẹ̀ ni. Ta ló máa jókòó kó yí i sókè, kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà tà?"

Abọ́sẹ̀dé rò ó wò. Òótọ́ ni. "Ó ti lọ síbì kan nìyẹn."

"Ó ti lọ síbì kan, obìnrin yìí kò sì fẹ́ sọ ibẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbókìtì rí, mi ò mọ̀ bóyá ẹrù tí kò yẹ ló ń gbé. Bó bá jẹ́ owó mi ni, mi ò ní rà á. Bó bá jẹ́ dandan, gbé e jáde sí ojú títì ńlá, kó sáré dáadáa, kó o gbọ́ bí jíà ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì tó bá ti kú kì í lè purọ́."

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé sọ fún màmá pé òun fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde dán wò, màmá wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìborùn àti báàgì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì wọ iwájú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

"Dé Kwangila, kó o padà," ó ní. "Má sì ki eré bọ̀ ọ́. Dókítà kì í sáré."

Kwangila ni oríta tí Sáríà ti ń tú ènìyàn sílẹ̀ sí Kánò àti Kàdúná. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ mọ bí ariwo ṣe ń rí, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀: agbèrò ń pe èrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń há sáàárín ọkọ̀ àjàgbé, àwọn tó ń ta ọsàn ń kan fèrèsé ẹni. Abọ́sẹ̀dé fi bíréèkì dẹ ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín wọn. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sì rí àléébù kankan. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí.

Obìnrin kan tó wé híjáàbù àwọ̀ ewé wọlé pẹ̀lú báàgì ìwé. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ jalábíà tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn pa dé.

"Kawo," obìnrin náà ní. Kawo ni páàkì àkọ́kọ́ téèyàn máa kàn bó bá wọ Kàdúná láti Sáríà.

Abọ́sẹ̀dé yíjú padà. Hausa ni wọ́n jọ sọ. "Ta ló pè yín wọlé?"

"Ṣé ìwọ ni dírẹ́bà tuntun?" Obìnrin náà wò ó láti orí dé ọwọ́. "Kó o yáa mọ̀ pé Bàbá Likita kì í jágbe mọ́ èrò. Ibo ló wà? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan o."

Likita ni àwọn Hausa ń pe dókítà. Abọ́sẹ̀dé mọ̀ ọ́n, màmá náà sì mọ̀ ọ́n, Sáríà ni wọ́n bí òun náà sí. Màmá kò yíjú padà. Ó kàn di báàgì ṣọ́ọ̀ṣì mú lórí itan.

"Bàbá Likita wo?" màmá bèèrè.

"Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí. Mo rí iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó lẹ téèpù pupa mọ́, mo sáré. Mo ní ọkọ̀ wa ti dé. Àwa tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ti wá a títí. Wọ́n ní ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Àbújá."

"Ó ti kú," màmá sọ. "Láti èṣí. Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá oníjalábíà ní, "Allah ya jikansa," kí Ọlọ́run ṣàánú fún un, ó sì yọ fìlà rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn. Abọ́sẹ̀dé fi apá kan ojú wo màmá, ó ń retí kí ó ní kí àwọn ènìyàn yìí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọkọ òun. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ àwọn èrò náà.

Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n ní Kawo," ó sọ fún Abọ́sẹ̀dé ní Yorùbá. "Kí lo ń wò mí fún?"

"Ẹ ní Kwangila ni ká ti padà, mà."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wa ọkọ̀."

Bí wọ́n ṣe bọ́ sójú títì ńlá nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé pín etí rẹ̀ sí méjì. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún gíábọ́ọ̀sì, ó fi èkejì sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ọkọ̀, kò sì mọ èyí tó ń dùn ún gbọ́ jù. Jíà ń yí bí ẹni ń ṣí ojú ewé Bíbélì àtijọ́, kò ta, kò fà. Nígbà tó tẹ iná sí i, ọkọ̀ náà kàn tẹ̀ síwájú láìpariwo, bí ẹran tó mọ ọ̀nà odò.

Orúkọ obìnrin náà ni Ramlah. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kàdúná, Sáríà ló ń sùn sí.

"Ìgbà mélòó ló ń gbé yín?" màmá bèèrè. Ó ti wá yíjú sẹ́yìn báyìí, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ìjókòó.

"Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Ó ń gbé wa lọ láàárọ̀, ó ń kó àwọn tó bá rí bọ̀ ní Kawo kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó. Ó ní ìyàwó òun kì í fẹ́ kí oúnjẹ tutù."

"Ṣé ó ń gbowó lọ́wọ́ yín?"

"Kàì, ó ń gbà á dáadáa. Bí owó rẹ bá dín, wàá sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n máa bẹ̀ ẹ́ lọ, òun ń gbọ́."

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín sókè. Màmá wò ó, ó gbójú kúrò.

"Kò sáré ṣá?"

"Sáré kẹ̀? Àwọn bọ́ọ̀sì á máa yà wá sílẹ̀, àwọn ọmọ inú wọn á máa juwọ́ sí wa. Bó bá dé Jaji, á dúró, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní kí ọkọ̀ mí. A ti bá a sọ ọ́ tì. Bó bá sì ń kó wa ní Kwangila láàárọ̀, á fa fìlà bojú. A rò pé oòrùn ló ń sá fún."

"Àwa ni," màmá sọ. "Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sá fún."

Oko àgbàdo ń sá kọjá lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà màmá bi Ramlah ní ohun tí Abọ́sẹ̀dé ti fẹ́ kí ó bi í láti Kwangila.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ ìwé kan fún yín? Ìwé tó ń kọ?"

"Ìwé àwọn màlúù? Ó sọ ọ́. Ó ní òun jókòó sí yàrá ìkàwé fún oṣù kan, òun kọ orí ọ̀rọ̀, òun sùn. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè ohunkóhun níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé òun ni wọ́n fi ń bi òun ní ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́, Fúlàní, gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ó gbé aládùúgbò kan lọ sí Kwangila, èrò mẹ́ta wọlé lẹ́yìn rẹ̀ láìbèèrè, bí àwa náà ṣe ṣe lónìí. Ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa àgùntàn rẹ̀ tó ń tutọ́. Kí wọ́n tó dé Kawo, Bàbá Likita ti sọ ohun tó ń ṣe é àti oògùn tó máa rà. Kò padà sí yàrá ìkàwé mọ́."

"Àgùntàn," màmá ní.

"Èmi náà ń sin àgbò. Ọ̀kan wú níkùn. Ó ní kí n máa ṣàlàyé bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, gbogbo ọkọ̀ ń di imú, òun ń bi mí ní àwọ̀ rẹ̀."

"Ajá ni tèmi," bàbá oníjalábíà sọ, ìyẹn nìkan ló sì sọ títí wọ́n fi dé.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìborùn nu ún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ló ń jẹ ní Jaji? Ṣé ó ń kọrin? Orin wo? Ta ló máa ń bá jiyàn jù? Ramlah dáhùn gbogbo rẹ̀. Màmá sọ fún Ramlah pé òun ti lọ bá àwọn ará yunifásítì lẹ́yìn ìsìnkú, kí wọ́n kó ìwé náà fún òun kí òun lè tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì wo òun bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Láti ìgbà náà ni òun ti ń bi ara òun léèrè ibi tí ọkùnrin náà ń lọ láràárọ̀. Òun ti ro oríṣiríṣi. Òun ti ro obìnrin pàápàá.

"Ó ní obìnrin," Ramlah ní. "A pọ̀. A ń sanwó fún un ni."

Ní Kawo, bàbá oníjalábíà sọ̀ kalẹ̀, ó na owó sí màmá láti ojú fèrèsé. Ramlah náà na tirẹ̀, ó di ọwọ́ màmá mú pẹ́, kó tó wọ àárín èrò lọ. Màmá kó owó náà sínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mà," Abọ́sẹ̀dé ní, "èmi ni mo wa ọkọ̀."

"Èmi ni mo ni ín. O kò tíì rà á."

Abọ́sẹ̀dé fẹ́ fèsì, ó rántí ohun tó gbé e wá. Ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tó jò. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń mí, ó kan gbogbo ibi tí ọwọ́ lè kàn láìjóná. Ó padà wọlé jókòó, ó pe Ernest lórí fóònù, ó sì fi ohùn rẹ̀ síta nítorí ariwo páàkì.

"Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Sáríà sí Kàdúná, ojoojúmọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lójú títì ńlá. Ó tiẹ̀ ń sinmi ní Jaji."

"Ta ló wà á?"

"Dókítà fúnra rẹ̀."

Ernest ní, "Ojú títì ńlá, tí kò sáré? Ìyẹn kò fìyà jẹ ọkọ̀ rárá. Ọkọ̀ tó rin ìdajì rẹ̀ láàárín ìlú ti gbó jù ú lọ. Abọ́sẹ̀dé, tètè rà á kí màmá yẹn tó mọ ohun tó ń tà."

Abọ́sẹ̀dé sáré tẹ fóònù pa. Ó ti pẹ́ jù. Màmá ti ń wo iwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti di ojú ẹlòmíràn.

"Mẹkáníìkì rẹ gbọ́n," ó ní. "Owó tí mo kọ́kọ́ pè fún ọ, mo ti gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ẹ ti gbé e lọ síbo, mà?"

"Sókè. Ọkọ̀ tó lágbára ni, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó tún ní èrò tirẹ̀. Àwọn ènìyàn rí iná ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sáré. Ìwọ náà rí i. Ṣé ọ̀fẹ́ lo fẹ́ kí n kó wọn fún ọ?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ búra níwájú pẹpẹ!"

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ pẹpẹ mọ́. Owó ni mo ń bá ọ sọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Kawo. Bí Abọ́sẹ̀dé ṣe fi ẹnu gbígbóná wá, bẹ́ẹ̀ ni màmá fi ẹnu tútù gbà á. Abọ́sẹ̀dé ní táyà méjì fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ tán. Màmá ní kí ó bọ́ wọn sílẹ̀ fún òun, kó wa ìyókù lọ. Abọ́sẹ̀dé ní òun lè rí ọkọ̀ mìíràn. Màmá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a, páàkì ló wà yìí. Abọ́sẹ̀dé kò pàdé irú èyí rí láàárín àwọn tó ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀, kò sí òmíràn tí òun yóò mọ ìgbésí ayé rẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gùn ju ara rẹ̀ lọ.

"Màmá, ẹ gbọ́ òótọ́," ó ní nígbà tó yá. "Iye tí ẹ kọ́kọ́ pè ni gbogbo ohun tí mo ní. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé. Bí ẹ bá gbé e sókè, mi ò lè tẹ̀ lé e."

Màmá wò ó fínnífínní. Ó wo páàkì, àwọn tó ń wọkọ̀, àwọn tó ń sọ̀.

"Iye àkọ́kọ́ nígbà náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní Ọjọ́rú, èmi ni mo ni ìjókòó iwájú. Wàá gbé mi wá, wàá gbé mi padà. Mi ò ní sanwó."

"Ìjókòó iwájú ni owó rẹ̀ ga jù lọ, mà. Òun ni àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń jà sí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù."

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ máa wá ṣe ní Kawo?"

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe ní Kawo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ jókòó tì. Ramlah ní wọ́n pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn á kó lọ síbòmíràn, díẹ̀ á gbàgbé. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tán lójú ọ̀nà yìí."

Abọ́sẹ̀dé fi ìka ta sítíárìn. Ó ṣírò èrè tí ó máa pàdánù, ó tún un ṣírò. Òun náà fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn èrò náà máa sọ, ó kàn jẹ́ pé kò ní jẹ́ kí màmá mọ̀.

"Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù," ó ní. "Ẹ kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tí mo bá ń gbà."

"Bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ ńkọ́?"

"Mà."

"Ó dáa. Lẹ́ẹ̀mejì." Màmá na ọwọ́, Abọ́sẹ̀dé sì gbà á.

"Kọ́kọ́rọ́ kejì dà?" Abọ́sẹ̀dé bèèrè.

"Ó wà nílé."

"Ẹ jẹ́ ká lọ mú un." Ó yí ọkọ̀ náà sójú ọ̀nà Sáríà.